Kọ̀ǹpútà Tuntun Tí Kò Tàn: Ẹ Bi Í Léèrè Kí Ẹ Tó Náwó

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ ní Ìlọrin

Bísímílláhì. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa tó wà níkàlẹ̀, mo kí yín o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wọkọ̀ láti Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin ọmọ Òkèlele, Pàkátà àti Gámbàrí, ẹ kú ìjókòó.

Wọ́n ní kí n wá sọ nípa iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Tánkè. Iṣẹ́ náà pọ̀, àmọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo mú wá: kọ̀ǹpútà tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò, tó tẹ bọ́tìnnì, tí kò tàn. Owó tí àwọn ọmọ wa ń sọ nù sórí rẹ̀ ló jẹ́ kí n mú un. Ká ní wọ́n dúró bi ẹ̀rọ náà ní ìbéèrè mẹ́rin márùn-ún ni, wọn ì bá má ná an.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó máa ń bá àwọn èèyàn tún fídíò ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ṣe, ibẹ̀ ló ti ń rówó jẹun. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lò kò gbé iṣẹ́ náà mọ́, ló bá ní òun á to èyí tó lágbára. Oṣù yìí ó ra kásìn, àpótí irin tí gbogbo ẹ̀yà ń wà nínú rẹ̀, oṣù tó tẹ̀ lé e ó ra RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ló ń rà wọ́n díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi pé. Lọ́jọ́ tó tò ó tán, fáànù ń yí, iná aláràbarà tó wà lára RAM ń tàn, àmọ́ ojú mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri. Ẹnìkan sọ fún un pé mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń so mọ́, ti jó. Ó wá owó, ó ra òmíràn. Ojú mọ́nítọ̀ tún dúdú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ló gun ọ̀kadà wá bá mi, kásìn lórí itan, mọ́dábọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ nínú ọ̀rá.

Mo tú ẹ̀gbẹ́ kásìn náà. Ní igun òkè mọ́dábọ́ọ̀dù, lápá òsì, ihò kéékèèké mẹ́jọ wà lójú kan, òfìfo. Mo yí kásìn padà. Wáyà tó yẹ kó wọ ibẹ̀ ká jọ lẹ́yìn, okùn tí wọ́n fi dì í láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Mo tú okùn, mo fa wáyà gba ojú ihò òkè kásìn kọjá, mo tì í wọlé títí ó fi dún kọ́. A tẹ bọ́tìnnì. Kò pẹ́ tí ojú mọ́nítọ̀ fi mọ́lẹ̀.

Mo rò pé inú ọmọ náà á dùn. Ó jókòó, ó yọ mọ́dábọ́ọ̀dù inú ọ̀rá jáde, ó ń wò ó, kò sọ̀rọ̀. Mi ò mọ iye ìgbéyàwó tó ti bá àwọn èèyàn ṣe iṣẹ́ kó tó kó owó èkejì jọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ibikíbi tí wọ́n bá ti fún mi láyè láti sọ̀rọ̀, ohun tí mo máa sọ nìyí.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà látinú páwápáàkì, àpótí tó ń gba iná ògiri pín fún ẹ̀rọ, wọ mọ́dábọ́ọ̀dù. Ọ̀kan gbòòrò, ojú 24 ló ní, òun ló ń fún bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ níná. Èkejì kéré, ojú 8, ó wà lókè lẹ́bàá processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Processor nìkan ló wà fún, folti 12 ló sì ń gbé lọ fún un. Tí ẹ bá fi ti àkọ́kọ́ sí tí ẹ gbàgbé èkejì, fáànù á yí, iná á tàn, ẹ ó rò pé gbogbo ilé ti jí, àmọ́ ẹni tó yẹ kó ṣe ìrònú kò tíì jẹun. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o. Wáyà graphics card, ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán lọ sójú mọ́nítọ̀, náà lè ní ojú 8, ó sì jọ ti processor lójú ẹni tó ń kánjú. Ẹ wo bó ṣe pín: ti processor sábà máa ń pín sí 4 àti 4, ti graphics card máa ń pín sí 6 àti 2. Ojú tí iná ń gbà lọ nínú ọ̀kan, òun ni iná ń gbà padà nínú èkejì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ẹnu wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tó bá ń kọ̀, ẹ má fi agbára tì í.

Tí ẹnìkan bá pè mí lórí fóònù tó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kò tàn," n kì í kọ́kọ́ sọ pé kó gbé e wá. Mo máa ń bi í pé: kí lo rí? Kí lo gbọ́? "Kò tàn" tí ẹnu ń sọ yìí, ó tó àìsàn mẹ́rin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan kú pátápátá, fáànù ò mì, iná ò ṣẹ́jú. Ọ̀kan á jí, fáànù á mira lẹ́ẹ̀kan, á tún dákẹ́. Ọ̀kan ń yí, ó ń tàn, àmọ́ mọ́nítọ̀ ò rí nǹkan kan gbà. Ọ̀kan sì gbé ọ̀rọ̀ wá sójú mọ́nítọ̀, ṣùgbọ́n kò dé Windows. Oògùn ọ̀kan kì í ṣiṣẹ́ fún èkejì. Ẹni tó sọ fún ọmọ ọjọ́sí pé mọ́dábọ́ọ̀dù ti jó kò bi í ní ìbéèrè kan.

Èyí tó kú pátápátá, láti ara ògiri ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ki nǹkan mìíràn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà kí ẹ rí i pé iná wà. Iná tó wà, ṣé ó tó? Àwọn àdúgbò kan wà nílùú yìí tó jẹ́ pé tó bá di ìrọ̀lẹ́, gílóòbù á kàn pọ́n bí ẹyín iná tó ń kú lọ. Páwápáàkì mìíràn ò lè jí lórí irú iná bẹ́ẹ̀. Ẹ wá bọ́ sẹ́yìn páwápáàkì. Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ I àti O sí. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ O ló wọlẹ̀, iná ò ní kọjá. Mo ti gun ọ̀kadà láti Tánkè dé Gáà-Akanbí lọ tẹ bọ́tìnnì yìí, owó ọkọ̀ nìkan ni mo gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra páwápáàkì tòkunbọ̀, ẹ fetí sí mi dáadáa. Àwọn kan ní súwíìṣì pupa kékeré lẹ́yìn, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Folti 230 ni iná tiwa, ti Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 120. Èyí tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá lè ṣì wà lórí 115. Ẹni tó bá fi í sí iná wa láìyí i, ìró ni á kọ́kọ́ gbọ́, èéfín á sì tẹ̀ lé e. Àtúnṣe ò sí fún ìyẹn. Kí ẹ tó ki ohunkóhun bọ ògiri, ẹ yí kásìn padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Tí iná bá dé páwápáàkì, ó kan bọ́tìnnì iwájú kásìn. Wáyà tín-ín-rín kan ló ti ibẹ̀ wá, orí rẹ̀ ò ju èékánná ọmọdé lọ, wọ́n kọ POWER SW sí i. Nísàlẹ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, irin wẹ́wẹ́ tò sí ìlà méjì bí eyín ìyarun. Méjì péré nínú wọn ló ni wáyà yìí. Ẹni tó bá fi sí ojú tó tẹ̀ lé e, ó lè máa tẹ bọ́tìnnì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ má méfò. Ìwé tó bá mọ́dábọ́ọ̀dù wá ya àwòrán ibẹ̀ sínú. Tí ẹ bá wá fẹ́ mọ̀ bóyá bọ́tìnnì ló bàjẹ́, ẹ yọ wáyà náà, ẹ mú ẹnu súkúrúdíráífà, ẹ fi kan irin méjèèjì pọ̀, wéré bí ìgbà tí èèyàn ń fi ìka tọ́ ọbẹ̀ wò, kí ẹ gbé e kúrò. Tó bá jí, kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀rọ yín. Bọ́tìnnì lẹ máa wá nǹkan ṣe sí.

Tí kò bá jí síbẹ̀, ẹ yọ páwápáàkì kúrò lára ohun gbogbo, kó dá dúró. Lẹ́nu rẹ̀ tó tóbi, wáyà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo wà níbẹ̀. Tí gbogbo wáyà bá jẹ́ dúdú, ẹ ka ihò kẹrìndínlógún nínú àwòrán ìwé rẹ̀. Ẹ fi wáyà kékeré so ó mọ́ ọ̀kan nínú àwọn dúdú, kí ẹ tó fún un níná. Páwápáàkì tó wà láàyè á jí. Ẹ fi mítà wo folti 12 rẹ̀: ó yẹ kó wà láàárín 11.4 sí 12.6. Ẹ ò gbọdọ̀ tú páwápáàkì fúnra rẹ̀ o. Mo ń sọ ọ́ níwájú àwọn òbí yín. Iná máa ń sùn sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri, iná tó lè gba ẹ̀mí ni.

Ọ̀rọ̀ wáyà kan kù tí mi ò gbọdọ̀ fò. Páwápáàkì tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ pátá pọ̀ nígboro báyìí. Ẹ má mú wáyà páwápáàkì kan fi sí òmíràn, ì báà wọlé dáadáa. Ẹnu tó ń wọ mọ́dábọ́ọ̀dù sábà máa ń bára mu. Ẹnu tó ń wọ páwápáàkì, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń tò ó bó ṣe wù ú. Mo ti rí SSD àti hard disk, àwọn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí, tó jóná lójú ẹsẹ̀ nítorí wáyà tí wọ́n yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ ká pẹ́ sí rèé: èyí tó ń yí, tó ń tàn, tí mọ́nítọ̀ rẹ̀ dúdú. Òun ló ń jẹ owó àwọn ọmọ jù. Láti 1981 tí IBM ti gbé PC rẹ̀ jáde ni irú ẹ̀rọ yìí ti máa ń yẹ ara rẹ̀ wò kó tó ṣe ohunkóhun. Á wo processor, á wo RAM, á wo ohun tó ń gbé àwòrán jáde, á wá wá ibi tí Windows wà. Ibi tó bá ti rí àléébù ló máa dúró sí. Bó ṣe dúró síbẹ̀ yẹn, ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dáda, ní Òkèlele níbí. Ẹ ó rí i tí wọ́n á fi ìka lu ìkòkò, tí wọ́n á dẹ etí sí i. Ohùn rẹ̀ ló ń sọ fún wọn bóyá ó sán. Kọ̀ǹpútà náà lóhùn. Lára ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù òde òní, iná wẹ́wẹ́ mẹ́rin wà létí, wọ́n kọ CPU, DRAM, VGA àti BOOT sí wọn. Èyí tó bá tàn tí kò kú, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ dúró sí. Bọ́ọ̀dù tí kò ní iná yìí sábà máa ń ní ojú sípíkà kékeré kan, èyí tí kò ju ìdérí ìgò lọ. Kò wọ́n rárá, ẹ rà á sínú àpótí iṣẹ́ yín. Bó bá ṣe han, ẹ̀ẹ̀mélòó, gígùn àbí kúkúrú, ìwé bọ́ọ̀dù á sọ ohun tó ń wí.

Tó bá jẹ́ DRAM ló tàn, RAM ni. Ihò mẹ́rin ló sábà máa ń wà, ẹni tó bá sì ní RAM méjì máa ń fi wọ́n sí méjì tó sún mọ́ processor, torí àwọn lojú kọ́kọ́ rí. Àmọ́ lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, ìkejì àti ìkẹrin ló yẹ kí wọ́n wà, ẹ kà á láti ọ̀dọ̀ processor. A2 àti B2 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Ó ń fẹ́ agbára ju bí ọkàn ẹni ṣe fẹ́ fún un lọ, ẹ̀rù á máa ba ẹni pé bọ́ọ̀dù á kán. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ìdè etí rẹ̀ á fi dún kọ́. RAM tó wọlé lápá kan tí apá kejì ṣì ga bí hóró ìrẹsì kan, kò tíì wọlé.

Ọmọbìnrin kan pè mí láti Ọ̀fà nírú ọ̀rọ̀ RAM yìí. Tuntun ni gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀, iná DRAM ló ń tàn, ojú mọ́nítọ̀ dúdú. Mo ní, ẹ̀ẹ̀mélòó lo ti pa á tí o tún tàn án? Ó ní á tó ẹ̀ẹ̀mẹfà. Mo ní kó tàn án, kó má fọwọ́ kàn án mọ́, kó lọ ṣe àlùwàlá kó kírun Alásárì, kó pe mí tó bá ti sálámà. Nígbà tó pè, ó ń pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tàn! Kí lẹ ṣe sí i?" Mi ò ṣe nǹkan kan. DDR5, irú RAM tuntun kan, ni RAM rẹ̀, lórí bọ́ọ̀dù AM5 ti AMD, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe processor, irú èyí tó jáde ní 2022. Ìgbà àkọ́kọ́ tí irú ẹ bá jí, bọ́ọ̀dù á máa dán RAM wò, bó ṣe lè yára tó, ìgbà tí ohun tó fi ránṣẹ́ ń dé. Ó lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan, pàápàá tí RAM bá pọ̀, ojú mọ́nítọ̀ á sì dúdú ní gbogbo àkókò náà. Bó ṣe ń pa á, ńṣe ló ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu bọ́ọ̀dù àti RAM, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Tí wọ́n bá mọ ara wọn tán, bọ́ọ̀dù á fi í pamọ́, kì í sì í pẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ fún un ní ìdámẹ́rin wákàtí kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Tó bá jẹ́ VGA ló tàn, ẹ kọ́kọ́ wo wáyà mọ́nítọ̀. Ẹni tó bá ní graphics card, ara card ni wáyà ń lọ, kì í ṣe ara mọ́dábọ́ọ̀dù. Ẹ wo bóyá card náà wọlé délẹ̀, bóyá wọ́n fún un níná tirẹ̀. Ẹni tí kò ní card, ẹ ka nọ́ńbà processor rẹ̀. Ti Intel tó bá parí sí F kò lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀; ọ̀pọ̀ Ryzen 5000, processor ti AMD, tí kò ní G nídìí náà kò lè ṣe é. Owó irú processor bẹ́ẹ̀ máa ń dín díẹ̀, ọmọ á rà á, kò ní mọ̀ pé ó ku ohun tó máa rà.

Iná CPU, ìyẹn ti processor, ní tirẹ̀ le díẹ̀. Ó lè jẹ́ wáyà ojú 8 tí mo sọ. Ó lè jẹ́ pé BIOS orí bọ́ọ̀dù, ètò tó ń jí ẹ̀rọ, ti pẹ́ ju processor lọ, kò mọ̀ ọ́n rí: bọ́ọ̀dù B450 tó ti wà lórí káńtà tipẹ́, tí wọ́n wá fi Ryzen 5000 sí, kò ní jí àfi tí wọ́n bá fún un ní BIOS tuntun. Ó sì lè jẹ́ irin abẹ́ processor tó tẹ̀. Ẹ tan iná fóònù sí i, kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tó bá tẹ̀ kì í dán bíi tàwọn yòókù.

Tí kò bá sí iná kankan tó ń tọ́ ọ̀nà, ẹ gbé e jáde. Ẹ tẹ́ páálí mọ́dábọ́ọ̀dù sórí tábìlì, ẹ gbé bọ́ọ̀dù lé e, processor àti fáànù rẹ̀, RAM kan ṣoṣo, páwápáàkì, àti ohun tó ń gbé àwòrán lọ sí mọ́nítọ̀, kò tún gbọdọ̀ sí nǹkan mìíràn. Tó bá jí níbẹ̀, ẹ máa dá nǹkan padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa tàn án lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Mo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá pààrọ̀ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tó wá jí, kò mọ èyí tó ṣe é, ó sì lè sọ èyí tó dáa nù. Lásìkò ọyẹ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin kásìn tí kò ní ọ̀dà. Iná tó máa ń ta wá lára tí a bá ń bọ́ súwẹ́tà láàárọ̀ December, díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó pa RAM.

Ohun tí páálí yìí kọ́ mi kò kúrò lọ́kàn mi. Mọ́dábọ́ọ̀dù kan wà tí fáànù rẹ̀ ń mira lẹ́ẹ̀kan tí á tún kú. Mo dá a padà fún ẹni tó tà á fún mi, mo sọ̀rọ̀ sí i níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó gbé e lé páálí, ó tàn án, ó jí. Nígbà tí mo délé, mo wo inú kásìn mi: ẹsẹ̀ ide kékeré kan, irú èyí tí bọ́ọ̀dù máa ń dúró lé, wà níbi tí bọ́ọ̀dù yẹn ò ní ihò. Ó ń gún un lẹ́yìn, iná ń ṣàn wọ inú kásìn, páwápáàkì sì ń pa ara rẹ̀ kí nǹkan má baà jó. Mo padà lọ bẹ ọkùnrin náà níwájú àwọn èèyàn, torí níwájú èèyàn ni mo ti bú u. Láti ìgbà náà, mo máa ń ka ihò bọ́ọ̀dù, mo máa ń ka ẹsẹ̀ ide, kí n tó gbé ọ̀kan lé èkejì. Ẹ̀rọ tó bá sì jí tó lo ìṣẹ́jú kan tó tún kú, ẹ wo abẹ́ irin tó ń mú processor tutù. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń wà níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́, àwọn kan máa ń gbàgbé láti bó o.

Iná BOOT kò yẹ kó dẹ́rù bà yín. Disk tuntun ò ní Windows nínú. Ẹ lọ fi sí i.

Kásìn kan nìyí lórí tábìlì. Láàárọ̀ yìí, mo ti mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan méjì jẹ́ nínú rẹ̀, kò sì jí. Mo fẹ́ èèyàn mẹ́ta: ẹnìkan láti Ọ̀fà, ẹnìkan láti Òmù-Àrán, ìwọ ọmọbìnrin tó ń kọ̀wé lẹ́yìn yẹn náà, máa bọ̀. Súkúrúdíráífà rèé, mítà rèé, ìwé bọ́ọ̀dù rèé. Ẹ má tíì sọ ohun tó ṣe é fún mi. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ rí.